Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ẹlẹ́rìn-ín

"Kí ló ṣe ọwọ́ rẹ?"

Tíṣà wa ti gbá ọwọ́ mi mú kí n tó rí i fà sẹ́yìn. Àtẹ́lẹwọ́ mi pọ́n yòò, awọ rẹ̀ sì ń bó. Mo fura sí ohun tó fà á: ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn wárápá tuntun. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ̀ nílé ìwé pé mo ní wárápá, n kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀.

"Ara Ẹlẹ́rìn-ín ni mo ti kó o, sà."

Ẹlẹ́rìn-ín là ń pe ọmọbìnrin tí a jọ ń jókòó, torí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Èélá díẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, nítorí náà gbogbo wọn gbà mí gbọ́. Ẹlẹ́rìn-ín kàn ń wò mí, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Wọ́n gbé àga rẹ̀ lọ sẹ́bàá ilẹ̀kùn, òun nìkan. Kò sẹ́ni tó bá a ṣeré mọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, àtẹ́lẹsẹ̀ mi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bó. N kò lè wọ bàtà. Ìyá mi, tó ń ránṣọ lọ́wọ́, ju sísọ́ọ̀sì sílẹ̀.

"Láti ìgbà wo? O ò sì lè sọ fún mi!"

Ọsibítù la gbà lọ tààrà. Dókítà yẹ ojú àti ẹnu mi wò dáadáa, bóyá ibẹ̀ náà ti ń bó.

"Oògùn wárápá tuntun yẹn ni ara rẹ kọ̀. Èmi fúnra mi ni n ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìwọ má dá oògùn dúró fúnra rẹ láé. Má sì fi irú èyí pamọ́ mọ́, ó léwu."

"Ṣé kì í ràn, dókítà?" ni ìyá mi béèrè.

"Kì í ràn rárá, mà."

Ìyá mi mí kanlẹ̀. Èmi ò lè gbójú sókè.

Lọ́jọ́ tí mo padà sílé ìwé, mo dúró níwájú kíláàsì. "Mo ní wárápá. Oògùn mi ló ṣe ọwọ́ mi báyẹn. Irọ́ ni mo pa mọ́ Ẹlẹ́rìn-ín."

Tíṣà ní kí Ẹlẹ́rìn-ín padà síbi tó ń jókòó sí tẹ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "ibí tẹ́ mi lọ́rùn."

Nígbà tí a jáde, mo bẹ̀ ẹ́. "Mo ti gbọ́," ló fèsì. "Àmọ́ kò tíì tán nínú mi."

Awọ mi ti jinná báyìí. Àìsàn kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tó ń tì mí lójú títí dòní ni pé mo gbé ẹrù tèmi ru ẹni tí kò ṣẹ̀ mí.