Agolo Òrí Ìyá Àgbà

Wọ́n bá Kóòṣì Jacob lórí pápá ilé ẹ̀kọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó dojú bolẹ̀, ó ti kú, aago tó fi ń díwọ̀n eré ṣì ń kà lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ pé ó ṣàìsàn, kò sí ọgbẹ́ lára rẹ̀. Ohun tí àdúgbò mọ̀ kò ju pé ó jẹ àkàrà nílé Labeebah, ọmọ tó ń kọ́ ní eré sísá, ní ìrọ̀lẹ́ àná, pé Ìyá Àgbà Àwáwù, ìyá bàbá Labeebah, ló dín àkàrà náà, àti pé òwìwí ké lórí igi máńgòrò ilé wọn ní ìdájí. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Ẹnu tí kò níṣẹ́ ti ríṣẹ́ ṣe.

Labeebah sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni, kò sì sí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ẹdẹ tó lè bá a sá eré irinwó mítà. Kóòṣì ti bá yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Bó bá sá eré náà tí kò lo ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rìnléláàádọ́ta lọ níbi ìdíje Òṣogbo, wọn á gbà á, á kàwé lọ́fẹ̀ẹ́, á sì máa sáré fún wọn. Ìdíje ọ̀hún ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Ní ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́, Ìyá Àgbà a máa bu òrí nínú ògbólógbòó agolo mílíìkì kan, a fi pa ẹsẹ̀ ọmọ-ọmọ rẹ̀. "Ẹsẹ̀ yìí ló máa bá mi dé ibi tí tèmi ò lè dé," ni yóò máa wí. Aqeelah, ìyá Labeebah, a dúró lẹ́nu ọ̀nà, a máa wò wọ́n. Ọmọ mẹ́ta ló bí, Labeebah nìkan ló kù.

Lọ́jọ́ kẹta tí wọ́n sin Kóòṣì, Labeebah wọ bàtà eré, ó kọrí sí ọ̀nà Sekona. Kò tíì jìnnà tí ẹsẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un bí ẹni pé iná wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Ó họ ọ́ títí awọ fi bó. Ọlọ́kadà ló gbé e délé.

Ìyá Àgbà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. "Wèrèpè nìyí. Ẹ bu eérú gbígbóná wá, ká fi ra á."

Eérú náà sì mú un rọlẹ̀. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́.

"Ẹni tó mọ ẹ̀rọ̀ ló mọ oró," ni Ìyá Ibtisam, ará ilé kejì, wí. "Wèrèpè inú igbó, ta ló júwe ìbọ̀sẹ̀ fún un?"

Nígbà tí ìdíje ku ọjọ́ méjì, ó tún ṣẹlẹ̀. Mansur, bàbá Labeebah, ránṣẹ́ pe Àáfà Jibril. Àáfà tẹ yanrìn, ó mi orí. "Ọwọ́ tó ń kan ẹsẹ̀ ọmọ yìí ló ń ṣe é. Labeebah, ọwọ́ ta ni?"

Gbogbo ojú yí sí i. Labeebah rántí Òṣogbo, ẹ̀rù bà á. "Ọwọ́ Ìyá Àgbà ni, Àáfà."

"Ṣé ọkàn rẹ gbà pé àwọn ni?"

"Àwọn ni."

"Labeebah!" ni Ìyá Àgbà wí.

Mansur ò lè wojú ìyá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ ṣì máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n yín ní Sekona ná." Ìyá Àgbà fi gèlè di agolo òrí rẹ̀, ó jáde.

Ní àárọ̀ Sátidé, ọjọ́ ìdíje, lẹ́yìn ìrun Sùbúhì, Labeebah lọ mú bàtà rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná. Ìyá rẹ̀ ló bá níbẹ̀, ó lóṣòó ti ààrò, ó ń fi eérú gbígbóná ra àtẹ́lẹwọ́, ó ń họ ọ́, omi ń dà lójú rẹ̀. Bàtà eré wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èso wèrèpè sì wà nínú ọ̀rá.

"Màámi?"

Aqeelah fò dìde. "Ìwọ nìkan ló kù fún mi! Bó o bá dé ọ̀hún, o ò ní padà wá mọ́."

"Kóòṣì ńkọ́?"

"Mi ò mọ nǹkan kan nípa ìyẹn, mo fi Ọlọ́run búra! Ìyàwó wọn sọ fún mi lọ́jọ́ ìsìnkú pé àìsàn ọkàn ni, pé dókítà ti kìlọ̀ fún wọn tipẹ́."

"Ẹ mọ̀, ẹ sì jẹ́ kí wọ́n pe Ìyá Àgbà ní àjẹ́."

Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ọkàn Labeebah gbọgbẹ́ ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ó fi bàtà sílẹ̀, ó lọ.

Ẹsẹ̀ lásán ló fi sáré l'Óṣogbo. Ìbínú ló ń tì í lẹ́yìn, kì í ṣe ayọ̀. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́tàléláàádọ́ta! Àwọn èèyàn ń pariwo, wọ́n ń dì mọ́ ọn, òun ń wá ojú kan ṣoṣo tí kò sí níbẹ̀. Kò yà sílé. Ó wọkọ̀ lọ sí Sekona.

Ìyá Àgbà jókòó síwájú ilé, ó ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Labeebah kúnlẹ̀. "Ìyá Àgbà, mo yege. Màámi ló ń fi wèrèpè síbẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀yin."

"Mo mọ̀." Ìyá Àgbà ò gbójú sókè. "Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti rí i tó ń fi eérú fọwọ́. Torí mi ò fẹ́ kí ilé Mansur tú ni mo ṣe dákẹ́. Mo mọ ohun tí ìyá ẹ lè ṣe. Ìwọ ni mi ò mọ̀."

Labeebah jókòó, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì síwájú bó ṣe máa ń ṣe nírọ̀lẹ́, pẹ̀lú erùpẹ̀ Òṣogbo lára wọn.

Ìyá Àgbà wo ẹsẹ̀ náà pẹ́. Ó fa agolo òrí jáde lábẹ́ àpótí, ó sún un síwájú rẹ̀.

"Gbà. Fúnra ẹ ni kó o máa fi pa á."

Ó sì padà sídìí ẹ̀gúsí rẹ̀.