Ọwọ́ Tó Ṣẹ́ Egungun Bàbá

Kì í ṣe ibi tí ọmọge ti ń rí ọkọ ni ọmọge télọ̀ kan ti rí tirẹ̀. Lórí àyà bàbá rẹ̀ ló ti rí i.

Láti àárọ̀ ni bàbá ti ń di àyà mú, tí òógùn tútù ń bò ó. Ó ní oúnjẹ ló há òun láyà, ìyá sì ní kó sùn díẹ̀. Télọ̀ kò tẹ̀ lé tẹnikẹ́ni nínú wọn, ó pe ańbúláǹsì. Bí ọkọ̀ náà ṣe dé ẹnu ọ̀nà ni bàbá ṣubú gbì, kò mí mọ́. Nọ́ọ̀sì ọkùnrin kan kúnlẹ̀ tì í, ó kó ọwọ́ méjèèjì lé e láyà, ó ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan. Gbogbo ilé gbọ́ nígbà tí egungun ìhà bàbá ṣẹ́. Nọ́ọ̀sì kò dáwọ́ dúró títí bàbá fi mí.

Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Télọ̀ rí ọkùnrin náà dáadáa. Nígbà tí bàbá ti ọsìbítù dé, nọ́ọ̀sì ń wá kí i lemọ́lemọ́, bẹ́ẹ̀ aláìsàn nìkan kọ́ ló ń wá wò. Ìfẹ́ wọlé.

Ìyá fàáké kọ́rí pé wọn kò ní fẹ́ ara wọn. Ọlọ́wọ́-Irin ló ń pe nọ́ọ̀sì. Ó ní ẹni tó ṣẹ́ egungun ọkọ òun, kí ni kò ní fi ojú ọmọ òun rí? Bàbá bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

“Ayànfẹ́ mi,” ni télọ̀ wí tẹkúntẹkún, “mi ò lè fẹ́ ọ kí inú ìyá mi má dùn sí i.”

“Má sunkún mọ́, olólùfẹ́ mi. Bá mi mú wọn wá síbi tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń tẹ àyà ẹni tí kò mí mọ́.”

Ìyá tẹ̀ lé e, ó ní òun fẹ́ wo ibi tí wọ́n ti ń kọ́ ìkà. Nọ́ọ̀sì gbé bèbí onírọ́bà ńlá kan sílẹ̀, ó ní kí ìyá tẹ àyà rẹ̀. Ìyá rọra fọwọ́ kàn án bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

“Ẹ tẹ̀ ẹ́ wọlé, Mà. Ẹ̀jẹ̀ ò tíì dé orí rẹ̀.”

Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò tíì tó. Apá bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ó sì gbójú sókè.

“Tó bá jẹ́ báyìí lo ṣe tẹ ọkọ mi ńkọ́?”

“À bá ti sin wọ́n, Mà.”

Ìyá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bú sẹ́kún. Télọ̀ gbá a mọ́ra, ọpẹ́ kún inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ìyá di ọwọ́ méjèèjì àna rẹ̀ mú níwájú ẹbí, ó gbé wọn lé ọwọ́ télọ̀.

“Mo bú ọwọ́ wọ̀nyí títí. Àwọn ló jẹ́ kí n ṣì ní ọkọ lónìí. Ọmọ mi, gbà wọ́n.”

Bàbá nu ojú, ó ní bó bá ṣe pé egungun ìhà kan lèèyàn fi ń ní irú àna báyìí, òun kò pàdánù.