Sẹ́ńsọ̀ Bàbá Télọ̀

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Bàbá Télọ̀ ṣì wà láyé. Ìyá àgbà náà wà, ó ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀, ó ń wo gbogbo ẹni tó bá kọjá látòkè délẹ̀. Ìyá ọmọ inú ìtàn yìí nìkan ni kò sí mọ́. Ọmọbìnrin ọ̀hún, Adájọ́ ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí láti kékeré, kò sí ìjà tí kò ní dá sí, á sì fẹ́ mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń bọ́ wọn. Búrẹ́dì ló fi ń kó lọ fún àwọn ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ọkọ̀ náà ti ń wúkọ́. Bó bá rìn díẹ̀, á gbọ̀n, á kú sójú ọ̀nà, búrẹ́dì á sì máa gbẹ nínú rẹ̀.

"Ọkọ̀ yìí ń wúkọ́ jù mí lọ," ni ìyá àgbà wí. "Èmi tí mo sì dàgbà jù ú lọ, mo ṣì ń dìde fúnra mi."

Bàbá ò rẹ́rìn-ín. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Orí táyà àlòkù ló jókòó sí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì. Epo ẹ́ńjìnnì ti wọ èékánná rẹ̀, kò ṣeé fọ̀ mọ́.

Mẹkáníìkì ìkóríta ti fi ẹ̀rọ tó ń ka àìsàn ọkọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní sẹ́ńsọ̀ ni, nǹkan kékeré tó ń wọn afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fà sínú. "Ó ti kú. Ẹ lọ ra òmíràn." Bẹ́ẹ̀, owó kan ṣoṣo tó wà nílé, inú agolo lókè kọ́bọ́ọ̀dù ló wà, owó ìdánwò Adájọ́ sì ni. Bàbá ò fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó tú sẹ́ńsọ̀ náà, ó fi sípírítì fọ̀ ọ́, ó sá a sójú fèrèsé, ó tún un dè padà. Ọkọ̀ ò tìtorí ìyẹn jáwọ́ nínú ikọ́.

Ọgbà kan náà ni Bàbá Télọ̀ ń gbé. Ó ti dáwọ́ aṣọ rírán dúró. Ọkọ̀ tirẹ̀ àti ti bàbá Adájọ́ jọra bí ìbejì, àmọ́ àfi tó bá ń lọ gba oògùn ní ọsibítù ló ń gbé e jáde. Àárọ̀ ni ó máa ń nù ún bí ẹni ń nu ọmọ tuntun.

Nígbà tí ọ̀rẹ́ Adájọ́ ní kíláàsì gbọ́, ó pòṣé. "O wá jókòó, ò ń sunkún! Gba ti baba yẹn, fi tiyín síbẹ̀. Ta ló máa mọ̀?"

"Olè nìyẹn."

"Olè bí ti báwo? Ṣebí pààrọ̀ ni."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, Bàbá Télọ̀ sùn lọ lórí àga lẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀, awò ojú rẹ̀ yọ̀ wá sí ṣóńṣó imú. Adájọ́ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ méjèèjì. Kò pẹ́ rárá: ó tú bóòtù, ó fa wáyà yọ, ó gbé tibí sọ́hùn-ún, ó gbé tọ̀hún síbí. Gbogbo ìgbà tí baba náà bá han-run, á dáwọ́ dúró, á wò ó. "Yíyá ni mo yá a," ló ń sọ fún ara rẹ̀.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, bàbá gbé ọkọ̀ jáde. Oòrùn ò tíì yọ dáadáa tó fi ń tì í padà bọ̀ wálé, òun àti àwọn tó ń kọjá lọ.

"Ó tún kú." Ó gbé agolo sọ̀kalẹ̀, ó gbé e lé itan. "Adájọ́, má bínú. Tí àwọn tó ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ bá ti ṣí, mo máa lọ ra sẹ́ńsọ̀ yìí. Ìdánwò, ó di ọdún tó ń bọ̀." Ohùn rẹ̀ dà bí ohùn ẹni tí oorun ti ń gbé lọ.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Bàbá Télọ̀ fi ṣíná sí ọkọ̀ tirẹ̀. Adájọ́ sáré jáde, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti yọ lẹ́nu géètì. Ó dúró síbẹ̀, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Bí sẹ́ńsọ̀ burúkú yẹn bá pa ọkọ̀ mọ́ baba náà nídìí láàárín títì ńkọ́? Bí lọ́rì bá ń bọ̀ lẹ́yìn?

"Ta lò ń dúró dè?" ni ìyá àgbà bi í. "Àbí ọkọ ìyàwó ń bọ̀, o ò sọ fún wa?"

Adájọ́ tún na ọrùn wo ọ̀nà. Ó pẹ́ kí ọkọ̀ Bàbá Télọ̀ tó padà dé. Kò wúkọ́. Kò gbọ̀n. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

Ìgbà náà ni ojú Adájọ́ là. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ní ó ti kú, òun ló gbé baba lọ gbé e bọ̀ yìí. Ti baba wà nínú ọkọ̀ tiwọn, ikọ́ ò sì lọ. Kì í ṣe sẹ́ńsọ̀ rárá! Ó wojú bàbá rẹ̀, tó ti ń wọ bàtà láti lọ ra òmíràn. Tó bá dákẹ́, owó ìdánwò á lọ lásán, ọkọ̀ ò sì ní yé wúkọ́. Tó bá sọ̀rọ̀, ó di olè lójú gbogbo ọgbà.

Ó kúnlẹ̀. "Bàámi, ẹ má ra nǹkan kan. Sẹ́ńsọ̀ wa ò kú. Inú ọkọ̀ Bàbá Télọ̀ ló wà. Èmi ni mo pààrọ̀ wọn."

Bàbá ò lù ú, kò sì bú u. Ó fà á lọ́wọ́ lọ bá Bàbá Télọ̀, ó ní kó tún un sọ.

Baba náà gbọ́ ọ tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Adájọ́, ìwọ náà ti dẹni tí à ń dá lẹ́jọ́." Kò rẹ́rìn-ín. "Irin tó o yọ kọ́ ló dùn mí. Mo sùn sẹ́nu ilẹ̀kùn mi, mo rò pé àwọn ọmọ mi ló yí mi ká." Ó gbé àga rẹ̀ wọlé, ó sì tilẹ̀kùn.

Ọ̀sán ọjọ́ náà, bàbá ṣíná sí ọkọ̀, ó ní kí Adájọ́ máa fọwọ́ tẹ wáyà tó wọ inú sẹ́ńsọ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Ibi tí a fojú sí, ọ̀nà ò gba ibẹ̀. Bí ìka rẹ̀ ṣe dé ibi tí wáyà ti tẹ̀, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó sì kú. Wáyà ti já nínú, awọ rẹ̀ ṣì ń dán lóde. Wọ́n fi wáyà rédíò àtijọ́ kan so ó, wọ́n fi téèpù wé e. Ikọ́ lọ. Agolo padà sókè kọ́bọ́ọ̀dù.

Ìgbà tí Adájọ́ fẹ́ dá sẹ́ńsọ̀ padà, Bàbá Télọ̀ fi ọwọ́ dá a dúró láti ojú fèrèsé. "Fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbàkigbà tó o bá gbọ́ ohùn ọkọ̀ yín, wàá rántí mi." Oṣù gorí oṣù, kò gbé àga jáde. Ọjọ́ tí èsì ìdánwò dé, tí Adájọ́ yege, ni wọ́n tó tún rí àga náà lẹ́nu ilẹ̀kùn.

Ẹ̀yin ọmọ tó ń ka èyí, olè tí a bá pè ní yíyá, olè náà ni. Ẹni tó bá sì ti ṣi ẹsẹ̀ gbé, kó tètè jẹ́wọ́, torí ẹnu tí a pa mọ́ lè gbà lọ́wọ́ ẹni ju ohun tí a jí lọ. Àga tó bá wọlé nítorí yín, kì í tètè jáde.

Ọdún yí lu ọdún. Ìyá àgbà ti lọ. Bàbá Télọ̀ ti ta ọkọ̀ rẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ tí àyà dùn ún, Adájọ́ tó ti dàgbà ló gbé e sínú ọkọ̀ bàbá rẹ̀, ó ń wà á lọ sí ọsibítù.

"Adájọ́," ni baba náà wí, ojú rẹ̀ ti pa dé, "ṣé tèmi ló ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ yẹn?"

"Tiyín ni, Bàbá."

"Ó dáa. Má sáré."

Ọkọ̀ náà ò wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo títí wọ́n fi dé ẹnu géètì ọsibítù. Ìgbà tí Adájọ́ pa ẹ́ńjìnnì, tí ibi gbogbo pa rọ́rọ́, ló tó mọ̀ pé èémí baba náà ti dúró.