Òpó Tó Fì

Iná tó ta sí i léjìká ló mú kí bíríkìlà kan gbójú sókè wo ẹni tí yóò fẹ́. Lábẹ́ ilé onírin kan tí wọ́n ń gbé dìde ló wà, ó ń to búlọ́ọ̀kù rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra o," ó ké sókè. "Ẹran sísun kọ́ ni mí."

Jórinjórin tó wà lókè pa iná, ó ṣí ìbòjú. Obìnrin ni. Òógùn bo imú rẹ̀, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Má bínú, àbúrò. Pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tó bò ẹ́ yìí, mo ṣe bí búlọ́ọ̀kù ni ẹ́."

Láti ọjọ́ náà, ọkùnrin yìí ò lè to ìlà búlọ́ọ̀kù méjì kó má gbójú sókè. Nígbà tó fi máa pé oṣù mẹ́ta, inú ìgò kan náà ni wọ́n ti ń mu omi. Ọkùnrin náà ń pè é ní Oníná mi, obìnrin náà ń pè é ní Oníbúlọ́ọ̀kù.

Bàbá ọkùnrin náà ni wàhálà wọn. Ọ̀gá bíríkìlà ni, òun ló kọ́ ọmọ níṣẹ́, kò sì fẹ́ rí ilé onírin sójú.

"Àwọn tó fẹ́ fi irin gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa," ó wí, "àárín wọn lo ti wá lọ fẹ́yàwó?"

Ìyá ọmọ ti kú, bàbá nìkan ló kù fún un. Bí bàbá ò bá súre fún wọn, kò ní lè gbé obìnrin náà níyàwó. Ó bẹ̀bẹ̀ títí, pàbó ló já sí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá fúnra rẹ̀ dé síbi iṣẹ́. Okùn tí wọ́n so òjé mọ́ nídìí wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí táwọn bíríkìlà fi ń mọ̀ bóyá ògiri nàró. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó fi okùn náà sára òpó irin kan, ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Òpó yìí fì. Ta ló gbé e dúró?"

Ọmọ rẹ̀ gbójú wo òkè, torí ó mọ ẹni náà.

Jórinjórin sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà, ó kúnlẹ̀ kí bàbá, ó wá fojú ara rẹ̀ wo okùn. "Èmi ni, bàbá. Òótọ́ lẹ sọ, ó fì. Mi ò rí i."

Bàbá ti múra ìjà, kò rẹ́ni bá jà.

"A ò tíì fún nọ́ọ̀tì ẹ̀ le," obìnrin náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ, "ó ṣì ṣeé tún ṣe. Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi di okùn yẹn mú."

Kí ni bàbá ì bá ṣe? Ó dì í mú. Obìnrin náà fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì, àwọn òṣìṣẹ́ ń ti òpó, bàbá ń pàṣẹ: "Díẹ̀ sí i. Ó ti pọ̀ jù. Dá a padà. Ó tó. Fún un le." Nígbà tí wọ́n fi parí, bàbá ti gbàgbé pé inú ń bí òun.

Ó yíjú sọ́mọ rẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá ni mo ti ń sọ fún ẹ pé ògiri ẹ fì, o ò gbà rí. Èyí gbà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tètè gbé e níyàwó kẹ́lòmíì tó gbé e."

"Bàbá, ẹnikẹ́ni ò tíì bi èmi léèrè o," ni jórinjórin wí.

Ọkùnrin náà sún mọ́ ọn, sìmẹ́ńtì bo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì. "Oníná mi, ṣé wàá fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ ilé onírin la máa gbé."

Ọmọ wojú bàbá. Bàbá ń rọra ká okùn rẹ̀ mọ́wọ́.

"Ẹ gbé irin yín dúró," ló wí. "Èmi ni n ó mọ ògiri rẹ̀."