Ẹnu Tó Sẹ́ Mọ́nsúrù

Ojú ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Ifẹ̀ ni Mùnírátù ti kọ́kọ́ rí i, níbi tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń ta dòdò máa ń to igbá sí ní Ìkirè. Bọ̀lẹ̀kájà kan dúró, àwọn èrò inú rẹ̀ ń pariwo, wọ́n sì ń nàka sí pákó gígùn kan tí wọ́n dì mọ́ orí ọkọ̀. Pákó náà ṣe ṣóńṣó lórí bí ẹja, ó sì gùn ju èèyàn lọ. Wọ́n ní pósí ni, àwọn kò sì ní bá pósí wọ ọkọ̀ kan náà mọ́. Dírẹ́bà sọ pákó kalẹ̀, ó sọ ẹni tó ni ín kalẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ó sì wa ọkọ̀ rẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kò bínú. Ó rọra nu eruku kúrò lára pákó rẹ̀ bí ìyá tó ń nu ojú ọmọ, ó jókòó tì í, ó sì ní kí wọ́n ta dòdò fún òun. Mùnírátù wò ó títí, ẹ̀rín fẹ́ẹ́ pa á.

"Ẹ má bínú o," ó ní. "Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Wọ́n fi ń gun omi ni."

Mọ́nsúrù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Àpòmù. Iṣẹ́ káfíńtà ló ń ṣe l'Ékòó. Òyìnbó kan tó ń bá ṣiṣẹ́ ló gbé pákó náà fún un pé kó wá igi tó fúyẹ́ lọ sílé, kó gbẹ́ méjì tó jọ ọ́ wá. Igi àràbà tó wà lóko bàbá rẹ̀ àgbà ló wá gé. Ó sọ fún Mùnírátù pé ibì kan wà lódìkejì omi l'Ékòó tí wọ́n ń pè ní Tákúwà, ọkọ̀ ojú omi nìkan ló ń gbé èèyàn débẹ̀. Bí ìgbì bá ti ń bọ̀ láti inú òkun, àwọn èèyàn á dìde dúró lórí pákó, ìgbì á sì gbé wọn wá sí èbúté.

Ọdún kẹta tí a gba òmìnira nìyẹn. Odò Ọ̀ṣun lábẹ́ afárá Aṣéjìrè ni omi tó fẹ̀ jù tí Mùnírátù tíì rí láyé rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, Mọ́nsúrù kò yé wá sí Ìkirè. Ìṣó ló máa ń sọ pé òun wá rà. Nígbà tó pẹ́, Mùnírátù bi í léèrè iye ìṣó tí pákó kan ń jẹ.

"Pákó yẹn kì í jẹ ìṣó rárá," ó dáhùn, ó sì wolẹ̀.

Báyìí ni ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pinnu pé bí wọ́n bá ti so yìgì tán, àwọn yóò lọ sí Tákúwà. Ìdí igbá dòdò ni wọ́n ti ń pètepèrò ìrìn àjò náà. Mọ́nsúrù ní ẹnikẹ́ni kì í sáré níbẹ̀, kò sí ariwo mọ́tò, abẹ́ igi àgbọn ni èèyàn ń sùn sí lọ́sàn-án gangan, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló dé tí kò lọ sí oko. Mùnírátù ní òun yóò gbé ẹní dání, òun yóò sì dín dòdò tí kò ní tètè bàjẹ́. Ó ń bẹ̀rù pé omi á gbé òun lọ.

"Ìyàwó mi ọ̀la," Mọ́nsúrù ní, "omi tó bá máa gbé ọ, èmi ni yóò kọ́kọ́ gbé."

Kí ẹ̀rù náà lè kúrò lára rẹ̀ ni Mọ́nsúrù fi mú un lọ sí Aṣéjìrè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó gbé pákó lé omi níbi tí odò kò ti jìn, ó mú un lọ́wọ́ méjèèjì, Mùnírátù sì dúró lórí rẹ̀, ìró rẹ̀ rin gbindin, ó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọkùnrin kan tó ń kọjá lórí afárá rí wọn. Kí ó tó di ọjọ́ Ẹtì, gbogbo Ìkirè ti gbọ́ pé káfíńtà ará Èkó kan ń mú ọmọbìnrin wọ odò, ó sì fẹ́ mú un lọ sí etíkun tí àwọn òyìnbó ti ń rìn níhòòhò. Àwọn kan ní ọmọ Àlùfáà Gàrúbà ló jọ.

Àlùfáà Gàrúbà, bàbá Mùnírátù, ránṣẹ́ pe Mọ́nsúrù lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀. Àwọn àgbà jókòó yí wọn ká ní iwájú ilé. Mọ́nsúrù wá pẹ̀lú ìdùnnú, nítorí ó rò pé ọjọ́ tí òun yóò sọ̀rọ̀ ìfẹ́ wọn jáde ti dé. Ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ ni bàbá kọ́kọ́ dojú kọ, tó bi í ohun tó pa á pọ̀ mọ́ ọkùnrin yìí.

Mùnírátù wo ojú bàbá rẹ̀, ó wo ojú àwọn àgbà.

"N kò mọ̀ ọ́n, Bàbá," ó ní. "Ó kàn máa ń ra dòdò lọ́wọ́ mi ni. Èmi kọ́ ni wọ́n rí lódò."

Gbogbo ojú yí sí Mọ́nsúrù.

"Òótọ́ ló sọ, Bàbá," ó ní. "Dòdò ni mo máa ń rà. Ọmọbìnrin mìíràn ni."

Wọ́n bú u dáadáa. Àlùfáà pè é ní alágbèrè, ó ní kò gbọdọ̀ tẹ ẹnu ọ̀nà òun mọ́. Mọ́nsúrù dọ̀bálẹ̀ kí wọn, ó sì lọ.

Bí wọ́n bá bú Mùnírátù lẹ́yìn èyí, ì bá sàn fún un. Ìyìn ni wọ́n ń yìn ín. Àwọn ìyá tí wọ́n jọ ń tajà ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ wọn. Bàbá rẹ̀ ra ìró tuntun fún un, ó ní ọmọ òun kò dójú ti òun. Mùnírátù kò lè ró aṣọ náà. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ rere nípa rẹ̀, ńṣe ni ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń dà á láàmú, kò sì lè gbé ojú sókè. Nígbà tí àbúrò ìyá rẹ̀, Àṣíáwù, wá sọ fún un pé ìdílé kan láti Ìkòyí tó wà nítòsí Àpòmù ti gbọ́ nípa ìwà rere rẹ̀, pé wọ́n ń bọ̀ wá tọrọ rẹ̀ fún ọmọ wọn, ó bú sẹ́kún.

Mùnírátù gbọ̀nà Àpòmù. Ó bá Mọ́nsúrù níbi tó ti ń fá igi àràbà, èérún igi funfun bo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Mọ́nsúrù ní kó dìde, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀.

"Pé o sẹ́ mi kọ́ ló dùn mí," ó ní. "Ẹ̀rù lè mú kí èèyàn sẹ́ni. Irọ́ náà tètè jáde lẹ́nu rẹ jù, Mùnírátù. Ìyẹn ló dùn mí."

Mùnírátù bi í ohun tí òun lè ṣe. Ó ní kò sí, pé bí iṣẹ́ òun bá ti parí, òun ń padà sí Èkó nìyẹn. Ọmọbìnrin náà rìn padà sílé, ó ń rí ojú Mọ́nsúrù tó yí kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà.

Nígbà tí àwọn ará Ìkòyí dé, tí wọ́n jókòó, tí bàbá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, Mùnírátù jáde láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó kúnlẹ̀ sáàárín gbogbo wọn. Ó ní òun ni òun dúró lórí pákó ní Aṣéjìrè, òun ni òun sì gbà láti fẹ́ Mọ́nsúrù. Ó ní irọ́ ni òun pa, ọkùnrin náà sì gbé irọ́ náà rù kí ojú má baà ti òun. Ó sọ ọ́ tán.

Àwọn àlejò dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n kí, wọ́n lọ. Àlùfáà Gàrúbà yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Nígbà tí mo ń bú ọmọ ọlọ́mọ," ó ní, "o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá."

"O ń gbọ́?"

"Mo ń gbọ́."

Bàbá gbé fìlà rẹ̀ dé. Ó ní kó ṣíwájú òun lọ sí Àpòmù, nítorí òun kò mọ ilé náà.

Níwájú bàbá àgbà Mọ́nsúrù àti àwọn aládùúgbò ni Àlùfáà ti bẹ Mọ́nsúrù. Ó ní ìta gbangba ni òun ti tàbùkù rẹ̀, kò yẹ kí òun wá bẹ̀ ẹ́ ní kọ̀rọ̀. Mọ́nsúrù kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ náà. Ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú èérún igi. Nígbà tí àwọn àgbà wọlé lọ sọ̀rọ̀ yìgì, Mùnírátù dúró síbẹ̀, kò lè sún mọ́ ọn.

"Ojú ṣì ń tì mí, Bọ̀dá Mọ́nsúrù," ó ní. "N kò mọ ìgbà tí yóò tán."

Mọ́nsúrù wò ó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó wo ojú rẹ̀ láti ọjọ́ tí Mùnírátù ti sẹ́ ẹ nìyẹn.

"Ojú ń ti èmi náà," ó ní. "Ní iwájú àwọn àgbà, lẹ́yìn ìrun Jímọ́ọ̀, mo pa irọ́. Bí ìtìjú náà kò bá tíì tán nígbà tí a bá fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ sí Tákúwà, a jọ máa gbé e lọ ni. Àyè wà nínú ọkọ̀ yẹn."

Ó na ọwọ́ sí i. Mùnírátù nu ojú rẹ̀, ó sì dì í mú.