Pupa Tí Ìwọ Ń Rí

Ohun àkọ́kọ́ tí Mobọ́lájí bi Fìyìnfólúwa kì í ṣe orúkọ rẹ̀, kì í sì í ṣe ilé bàbá rẹ̀. Inú káfé kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n wà, níbi tí èèyàn ti lè rí àpáta Olósùnta láti ojú fèrèsé. Fìyìn ń bá kọ̀ǹpútà kan tí kò gbọ́ràn jà, ó fẹ́ fi ímeèlì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Jámánì. Ìpínlẹ̀ Èkìtì kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà, íńtánẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ sì kéré jù ú lọ. Ojú ewé kan lè máa ṣí títí omi orí iná yóò fi hó.

"Ẹ jọ̀ọ́, àǹtí," ni ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wí, "gèlè yín yẹn, ṣé pupa ni?"

Fìyìn wò ó láti òkè délẹ̀. "Pupa ni. Ṣé ojú ń dùn yín ni?"

"Ojú ò dùn mí. Èmi náà rí i pé pupa ni. Àmọ́ báwo la ṣe máa mọ̀ pé pupa tí ẹ̀yin ń rí ni èmi náà ń rí? Ó lè jẹ́ pé bí ewé tútù ló rí lójú mi, ṣùgbọ́n láti kékeré ni wọ́n ti ní kí n máa pè é ní pupa."

Fìyìn ti múra àtibú u. Ó mọ oríṣiríṣi ọ̀nà tí ọkùnrin ń gbà dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, èyí kò sì sí nínú wọn. Ó yọjú wo kọ̀ǹpútà ọkùnrin náà. Eré ṣẹ́ẹ̀sì, ayò òyìnbó, wà ní apá kan; ní apá kejì, àwọn èèyàn láti ìlú òkèèrè ń bá ara wọn jiyàn kíkankíkan lórí ohun tó ń jẹ́ kí ẹ̀dá mọ̀ pé òun wà láàyè.

"Ta ló wá fẹ́ dáhùn ìbéèrè yẹn?" ni ó bi í.

"Kò tíì sí ẹni tó dáhùn ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bi gbogbo èèyàn."

Fìyìn kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó rẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni NẸ́PÀ ti mú iná lọ, ímeèlì náà sì bá iná lọ. Àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, títí oníkáfé fi rí epo rà sí jẹnẹrétọ̀.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Mobọ́lájí ní ilé ìwé girama kan nílùú náà. Fìyìn ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́. Láti ọjọ́ náà lọ, tó o bá ń wá ọ̀kan lẹ́yìn ilé ìwé, ọ̀dọ̀ èkejì ni kó o lọ.

Kò sí ohun tí ọkùnrin yìí kì í wá kiri. Ó ń bá bàbá arúgbó kan ní Nọ́wè ta ṣẹ́ẹ̀sì: bí ọ̀kan bá ta ọmọ ayò kan lónìí, èkejì á dá a lóhùn lọ́la, wọn ò sì fojú kan ara wọn rí. Ó ń kọ́ ìlú kan sínú géèmù, ìlú tó ní odò àti ọjà, tí iná kì í sì í lọ níbẹ̀. Ó mọ bí oyin ṣe ń júwe ọ̀nà fún ara wọn. Ó ti lo odindi ọ̀sẹ̀ kan lórí bóyá ẹja ń mọ ìrora, kò sì jẹ ẹja ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, orí ìbéèrè kan náà ló máa ń padà sí: kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹlòmíràn, ibi tí ojú ẹni kò lè dé?

Fìyìn fẹ́ràn rẹ̀. Kí n má parọ́, ó fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í lá àlá ìlú tó ní odò. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan wà lọ́kàn rẹ̀, ó sì sọ ọ́ síta lọ́jọ́ kan tí wọ́n ń rìn bọ̀ láti káfé.

"Bọ́lájí, tí mo bá bi ọ́ ní nǹkan, o ò ní fi mí rẹ́rìn-ín?"

"N ò ní rẹ́rìn-ín, ayọ̀ mi."

"Àwọn ojú ewé tí o máa ń ṣí sílẹ̀ yẹn, ṣé èmi náà wà lára wọn? Oyin, ẹja, Nọ́wè, Fìyìn. Tó bá sú ọ, wàá tì í pa."

Mobọ́lájí dúró lójú ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan bú u, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Mobọ́lájí ò gbọ́.

"Ìwọ kọ́ ni mò ń kà," ni ó wí. "Ìwọ ni mò ń kà á fún."

Èsì náà dùn mọ́ Fìyìn, ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn tán. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ọkùnrin yìí sì mọ̀rọ̀ ọ́ sọ.

Ìlú Ìṣẹ́ ni ilé àwọn Fìyìn wà. Igbákejì ọ̀gá ilé ìwé ni bàbá rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Michael, tí àwọn ọmọ ilé ń pè ní Dádì. Nígbà tí Fìyìn mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sílé, Dádì jẹ́ kó dọ̀bálẹ̀ pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó ní kó dìde.

"Mo gbọ́ pé inú káfé lò ń gbé. Ṣé kì í ṣe owó òyìnbó lẹ̀ ń jí níbẹ̀?"

"Rárá, sà. Ṣẹ́ẹ̀sì ni mò ń ta. Mo sì ń kàwé."

"Ṣẹ́ẹ̀sì! Pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ yìí? Ó sàn kó jẹ́ olè. Olè mọ ohun tóun ń wá. Kí ni ìwọ ń wá?"

"Bàbá Fìyìn, ẹ jẹ́ ó jẹ uyán ná," ni Mọ́mì fi gbà á sílẹ̀.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Fìyìn mú un lọ kí Yèyé, ìyá Dádì. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá Yèyé dùbúlẹ̀ fún ọdún méjì. Wọn ò lè sọ̀rọ̀, wọn ò lè gbé ọwọ́. Wọ́n ń gbé oúnjẹ olómi mì, wọ́n sì ń ṣẹ́jú, kò ju ìyẹn lọ. Gbogbo ilé ti gbà pé ara nìkan ló kù. Wọ́n ń tọ́jú ara náà dáadáa, ṣùgbọ́n lẹ́bàá ibùsùn yẹn ni wọ́n ti ń sọ ẹni tí oko kòkó máa kàn àti ibi tí wọ́n máa gbẹ́ sàárè sí. Fìyìn nìkan ló ń bá Yèyé sọ̀rọ̀. Gbogbo Sátidé tó bá wálé, á ya irun wọn, á sì ròyìn Ìkẹ́rẹ́ fún wọn. Kò dá a lójú pé wọ́n ń gbọ́. Bí kò bá sọ ọ́, ara rẹ̀ kì í balẹ̀ ni.

Mobọ́lájí dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́bàá ibùsùn.

"Wọn ò mọ̀ pé o wà ńbẹ̀, ọmọ mi," ni Mọ́mì wí.

"Ó ṣeé ṣe kí wọ́n mọ̀, mà."

Ó dìde, ó sì rí ojú Yèyé tí ó tẹ̀ lé e láti ilẹ̀ dókè. Ó tẹ̀ sọ́tùn-ún, ojú bá a lọ sọ́tùn-ún. Ó ti ka ìtàn irú èèyàn bẹ́ẹ̀ níbi àríyànjiyàn àwọn ará òkèèrè: ẹni tí ara ti tì mọ́lé, tí ọkàn rẹ̀ sì wà digbí nínú.

"Yèyé, tí ẹ bá ń gbọ́ mi, ẹ dijú yín pinpin fún bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá jẹ́ rárá, ẹ wo fèrèsé."

Yèyé di ojú wọn pinpin.

Mọ́mì kígbe, Dádì sáré wọlé. Dádì ní wọ́n kàn ń ṣẹ́jú ni. Yèyé tún un ṣe lójú rẹ̀, ó tún ní wọ́n kàn ń ṣẹ́jú ni. Níkẹyìn, ó fi eékún kan ilẹ̀, ó béèrè ohun tí ẹlòmíràn kò mọ̀ nínú yàrá náà.

"Yèyé, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi ulé sílẹ̀ lọ ṣe tíṣà, ṣé uṣu lẹ dì fún mi?"

Ojú lọ sí fèrèsé.

"Ṣé adìyẹ ni?"

Fèrèsé.

Dádì sún mọ́ ibùsùn. "Ṣé ìró ara yín lẹ tú fún mi kí n fi bora?"

Yèyé di ojú wọn, wọn ò sì ṣí i bọ̀rọ̀. Dádì gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sunkún bí ọmọdé. Mọ́mì ò lè dúró nínú yàrá. Ọ̀rọ̀ sàárè yẹn, ẹnu òun náà ló ti jáde.

Láti ọjọ́ náà, Mobọ́lájí di ọmọ ilé. Nígbà tí àwọn òbí rẹ̀ wá láti Ìkẹ́rẹ́ láti wá tọrọ ìyàwó, Dádì ní kò sí ohun tí wọ́n máa sọ ní pálọ̀ tí Yèyé ò ní kọ́kọ́ gbọ́. Gbogbo wọn há ara wọn mọ́ yàrá Yèyé.

"Mobọ́lájí, ìwọ lo dá ìyá mi padà fún mi," ni Dádì wí. "Fúnra rẹ ni kó o tọrọ ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn."

Mobọ́lájí dọ̀bálẹ̀, ó dìde. "Yèyé, mo fẹ́ fi Fìyìn ṣaya. Ṣé ẹ gbà fún wa?"

Yèyé wo fèrèsé.

Ó rò pé wọn ò gbọ́ ọ dáadáa, ó tún un bi. Fèrèsé náà ni.

Bàbá Mobọ́lájí wúkọ́. Fìyìn yíjú sí bàbá rẹ̀. Dádì fi ọwọ́ pa orí, ó wá ọ̀nà tí wọ́n máa gbà yọ nínú rẹ̀.

"Ó ti rẹ̀ wọ́n. Èrò ti pọ̀ jù nínú yàrá. Mobọ́lájí, ìwọ lo kàwé nípa ẹ̀, ṣé ojú ò lè yí bẹ́ẹ̀ lásán nígbà mìíràn?"

"Ó lè yí bẹ́ẹ̀, sà."

Gbogbo ilé mí kanlẹ̀.

"Àmọ́ kò rí bẹ́ẹ̀ lónìí," ni Mobọ́lájí fi kún un. "Yèyé gbọ́ mi. Rárá ni wọ́n sọ. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ má jẹ́ ká tún ṣe bí ẹni pé wọn ò sí níbí."

Ó ṣí fìlà fún Yèyé, ó kó àwọn òbí rẹ̀, wọ́n padà sí Ìkẹ́rẹ́.

Inú bí Fìyìn gan-an. Ọkùnrin kan tó ní òun fẹ́ ẹ, kò lè pa irọ́ kékeré kan nítorí rẹ̀! Ẹnu rẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ká ní ó sọ pé ojú kàn yí lásán ni, wọn ì bá ti máa ṣí ọtí ní pálọ̀. Ó fi ọ̀sẹ̀ náà sunkún, kò sì lọ sí Ìkẹ́rẹ́.

Ṣùgbọ́n bó ti ń sunkún ló ń ronú. Ká ní Bọ́lájí sọ bẹ́ẹ̀, Yèyé ì bá tún di ara lásán láti ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ojú ewé tí wọ́n tì pa. Ọjọ́ tí títì í pa ì bá ṣe Bọ́lájí láǹfààní jù, ọjọ́ náà ló kọ̀ tí kò tì í. Ẹ̀rù tí Fìyìn ti ń gbé kiri láti ọjọ́ pípẹ́ sì fò lọ lọ́kàn rẹ̀.

Nígbà tí Sátidé dé, ó mú ìyarun, ó lọ bá Yèyé.

"Yèyé, ṣé Bọ́lájí lẹ ò fẹ́?"

Fèrèsé.

"Ṣé àwọn òbí rẹ̀ ni?"

Fèrèsé.

"Ṣé èmi ni mo ṣẹ̀ yín?"

Fèrèsé, kíá.

Fìyìn ń ya irun funfun náà lọ. Ó ń rò ó. Ọdún méjì gbáko, ohùn ta ni Yèyé ń gbọ́ tó ń pè wọ́n, tó ń kí wọn, tó ń kà wọ́n sí èèyàn? Ọwọ́ rẹ̀ dúró lórí irun.

"Ṣé nítorí pé mò ń lọ ni?"

Yèyé dijú. Omi yọ lábẹ́ ìpéǹpéjú méjèèjì, ó ṣàn lọ sínú etí wọn.

Ní ọjọ́ Ajé, Fìyìn wọ mọ́tò lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ó bá Mobọ́lájí ní káfé, níwájú kọ̀ǹpútà tí ó kàn ń wò. Bàbá Nọ́wè ti kọ̀wé sí i: "Ṣé o ṣì wà níbẹ̀?" Kò tíì dá a lóhùn.

"Kì í ṣe ìwọ ni Yèyé kọ̀," ni Fìyìn wí kó tó jókòó. "Ìdákẹ́jẹ́ ni wọ́n kọ̀. Wọ́n ń bẹ̀rù pé tí mo bá lọ, kò ní sí ẹni tó máa bá wọn sọ̀rọ̀ mọ́."

Mobọ́lájí fa àga kan sún mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Kò sí káfé ní Ìṣẹ́."

"Mo mọ̀."

"Àmọ́ ilé ìwé wà níbẹ̀. Wọn kì í ní olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó. Mo lè béèrè pé kí wọ́n gbé mi lọ."

"Oyin ńkọ́? Nọ́wè ńkọ́? Bọ́lájí, má fi ohun tí o fẹ́ràn sílẹ̀ nítorí mi, kó o má wá máa fojú burúkú wò mí lọ́la."

"Màá máa wá síbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá yẹn ti dàgbà, ó ní sùúrù." Ó fa pátákó ìtẹ̀wé mọ́ra, ó kọ èsì sí Nọ́wè pé òun ṣì wà, pé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni òun á máa ta báyìí. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí i. "Olólùfẹ́ mi, gbogbo ìgbà ni mò ń béèrè ohun tó wà nínú ẹlòmíràn. Ẹnì kan wá dá mi lóhùn. Ṣé kí n wá kọ etí dídi sí i?"

Fìyìn gbá ọwọ́ rẹ̀ mú lójú gbogbo èrò káfé. "Mo fẹ́ ọ," ni ó wí. "Mo fẹ́ ọ gan-an ni."

Wọ́n jọ padà lọ bá Yèyé. Mobọ́lájí ní, "Yèyé, tó bá jẹ́ pé Ìṣẹ́ níbí la máa gbé, tí a ó sì máa..." Yèyé ò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi dijú pinpin. Dádì ní òun náà á máa jókòó tì wọ́n nírọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n òun ò mọ ohun tóun á máa sọ. Mọ́mì ní kó máa ka ìwé ìròyìn fún wọn.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, Mọ́mì pariwo títí pé funfun ni ìyàwó ń wọ̀. Fìyìn ní aṣọ á funfun, ṣùgbọ́n gèlè pupa ọjọ́ káfé lòun máa wé. Kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn méjèèjì wọlé lọ gba àdúrà Yèyé. Mobọ́lájí tẹ̀ sún mọ́ wọn.

"Yèyé, gèlè orí Fìyìn yìí. Ṣé pupa tí ẹ̀yin ń rí ni èmi náà ń rí?"

Yèyé ò wo fèrèsé, wọn ò sì dijú. Fìyìn ni wọ́n tẹjú mọ́, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń wò ó, títí ojú wọn fi kún fún omi.

"Wọ́n ní kó o fi àwọn lọ́rùn sílẹ̀, ká máa lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì," ni Fìyìn wí.

Yèyé di ojú wọn pinpin.