Ìpè Kánádà Wà Nínú Fóònù Olóògbé

Ọ̀fọ̀ ló gbé Lọ́yà Ìrètíolúwa láti Oǹdó wá sí Àkúrẹ́. Ràhímù, ọkọ Kàdíjátù ọ̀rẹ́ rẹ̀, ti kú, Kàdíjátù sì wà nínú opó. Lọ́yà bá a sunkún díẹ̀, ó wá béèrè ìgbà tí yóò padà sí Kánádà.

"Ìwé wọn ni mò ń retí," ni Kàdíjátù fèsì. "A ti kọ̀wé pé a fẹ́ di ọmọ ìlú wọn kí a tó wálé. Iṣẹ́ ló bọ́ lọ́wọ́ Ràhímù, owó ilé sì ń gorí ara wọn. A ní ká kúkú dúró dè é nílé. Àṣàkẹ́ ọmọ wa nìkan la fi sílẹ̀ lọ́dọ̀ àǹtí rẹ̀, nítorí ilé ìwé."

Wọ́n sá fún ọ̀wọ́n lọ́hùn-ún, ọ̀wọ́n ti ń dúró dè wọ́n ní Àkúrẹ́.

"Ibo ni wọ́n máa fi ìwé náà ránṣẹ́ sí?"

"Ímeèlì ọkọ mi la lò. Òun ló máa ń bójú tó irú nǹkan bẹ́ẹ̀."

"Fóònù rẹ̀ dà?"

Kàdíjátù tọ́ka sí yàrá tí wọ́n tì pa. "Ó wà nínú ẹrù olóògbé. Ó di ọjọ́ tí wọ́n bá pín ogún."

Ẹ gbọ́ ná. Kánádà ń kọ̀wé sí ẹni tó ti lọ sọ́run, aya rẹ̀ sì jókòó, ó ń retí èsì. Kò sẹ́ni tó hùwà ìkà o; àṣà tí kì í jẹ́ kí ọmọ ìyá jà ni wọ́n tẹ̀ lé.

Ọwọ́ Àlàájì Àyìndé, ẹ̀gbọ́n olóògbé, ni kọ́kọ́rọ́ yàrá náà wà. Lọ́yà lọ bá a.

"A kì í tú ẹrù òkú kí ọjọ́ tó pé, Lọ́yà," ni bàbá wí. "Bí mo bá ṣí i lónìí, àwọn àbúrò á ní mo ti mú nǹkan."

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀, sà. Fóònù náà ò ní kúrò nílé yìí. Ṣùgbọ́n ìwé ìyàwó yín tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ogún. Bí wọ́n bá pè é tí kò dáhùn, wọ́n lè gbà pé kò fẹ́ mọ́, kí wọ́n pa ìwé rẹ̀ tì. Káàdì tó fi ń gbé lọ́hùn-ún náà ní ọjọ́ tí yóò parí. Bó bá parí, ọkọ̀ òfuurufú lè má gbé e. Àṣàkẹ́ á wá wà lọ́hùn-ún láìní bàbá, láìrí ìyá."

Oríkì ìyá tó bí Àlàájì ni wọ́n fi ń pe ọmọ náà. Ó ránṣẹ́ pe àwọn àbúrò rẹ̀, ó sì ṣílẹ̀kùn lójú wọn.

Wọ́n gba iná sí fóònù. Ìwé méjì ni Kàdíjátù bá níbẹ̀. Èkíní pè é sí ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó di ọmọ ìlú, ọjọ́ rẹ̀ sì ti kọjá. Èkejì ní kó sọ ìdí tí kò fi ṣe é, ọjọ́ díẹ̀ péré ló sì kù. Ojú tì í, ẹ̀rù sì bà á. Ó fúnra rẹ̀ kọ èsì, ó fi ìwé ẹ̀rí ikú ọkọ rẹ̀ sí i, ó sì fún wọn ní ímeèlì tirẹ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mìíràn. Àlàájì dá fóònù padà sínú àpótí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wálé nígbà tí ìwé yín ṣì wà lọ́hùn-ún, kíkọ̀wé béèrè yàtọ̀ sí gbígbà. Olùgbé lẹ ṣì jẹ́, ẹ sì gbọ́dọ̀ máa pa òfin olùgbé mọ́, pàápàá iye àkókò tó yẹ kí ẹ lò níbẹ̀. Ẹ wo káàdì yín kí ẹ tó wọkọ̀. Bí àdírẹ́sì bá yí padà, ẹ sọ fún wọn. Bí ẹ kò bá lè jẹ́ ìpè, ẹ tètè ṣàlàyé, kí ẹ fi ẹ̀rí tì í lẹ́yìn. Ní ti ìbúra tí ẹ ó fi di ọmọ ìlú, ẹ múra láti wà ní Kánádà lọ́jọ́ náà.

Ọkọ kó ní ímeèlì tirẹ̀, aya kó ní tirẹ̀. Ìpè tí wọ́n bá pe Kàdíjátù, Kàdíjátù ni kó jẹ́ ẹ.